Jesse Owens: Sárésáré Tí Máàkì Dá Dúró

Bí ènìyàn bá dárúkọ Jesse Owens, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìlú Berlin ní ọdún 1936, Hitler lórí ìjókòó, àti góòlù mẹ́rin lọ́wọ́ adúláwọ̀ kan. Ìtàn náà dùn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1936 yẹn kan náà, oṣù mélòó kan péré ṣáájú Berlin, ọkùnrin yìí kò lè sáré fún yunifásítì rẹ̀. Kò ṣèṣe, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Máàkì rẹ̀ ni kò tó. Apá ibi tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn ayé rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó wà nílẹ̀ ní ẹ̀ka wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dá a lábàá pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ju káríófà méjì lọ kò gbọdọ̀ wọ jẹ́sì ẹ̀ka wa mọ́ nígbà ìdíje láàárín àwọn ẹ̀ka. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan pariwo, wọ́n sì ní a ó dìbò lé e lórí ní sáà tó ń bọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ṣì ń ka ìwé ìròyìn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Èmi alára kì í ṣe eléré ìdárayá. Ibi tí eré mi parí sí ni ìdíje ilé-sí-ilé nílé ẹ̀kọ́ girama ní Aisegba-Èkìtì, níbi tí mo ti ṣe ipò kẹrin nínú ènìyàn mẹ́fà. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìbò kan, mo sì rò pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò yìí yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe bá ẹnìkan rìn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913 ni wọ́n bí i, ní Oakville, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. James Cleveland ni wọ́n sọ ọ́, J.C. ni wọ́n sì ń pè é nílé. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá. Ẹrú ni àwọn bàbá-ńlá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Henry, ń dá oko òwú lórí ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n á sì pín ìkórè. Àwa ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Èkìtì mọ ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí le ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Onílẹ̀ náà ló sábà máa ń yá àgbẹ̀ ní irúgbìn àti oúnjẹ, òun náà ló ń ṣírò gbèsè, nígbà tí wọ́n bá sì ṣírò tán, ọwọ́ àgbẹ̀ a máa ṣófo. Ara ọmọ náà kò le. Àyà a máa dùn ún, èémí a máa há a. Nígbà kan tí kókó kan yọ sí i láyà, ìyá rẹ̀ fi ọ̀bẹ gé e kúrò fúnra rẹ̀, nítorí kò sí owó dókítà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sí i. Fún ọmọ adúláwọ̀ ní oko òwú láyé ìgbà yẹn, ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Bí àkókò gbígbin bá dé, oko ni. Bí òwú bá tó já, oko náà ni. Ìwé tí Owens kà kó tó kúrò ní Alabama kò pọ̀, ó sì já létí létí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá bá a lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìdílé náà kó lọ sí ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní àríwá, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ mìíràn ṣe ń kó kúrò ní gúúsù lásìkò yẹn láti wá iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ó sì jẹ́ ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè kò gbọdọ̀ fò kọjá. Olùkọ́ bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó dáhùn pé J.C., ṣùgbọ́n ohùn gúúsù wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Jesse ni olùkọ́ náà gbọ́, Jesse ló sì kọ sínú ìwé. Ọmọ náà kò jiyàn. Iṣẹ́ àṣekágbá tí mò ń ṣe dá lórí ẹ̀ka-èdè Èkìtì tí wọ́n ń sọ ní Aisegba, níbi tí a ti ń pe ilé ní ulé, tí a ń pe igbá ní ugbá. Mo mọ ohun tó máa ń ṣe ọmọ tó bá gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì ní ìlú ńlá. Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan. Etí tó ń gbọ́ ọ ni kò mọ ohùn rẹ̀. Báyìí ni gbogbo ayé ṣe fi àṣìgbọ́ pe ọkùnrin kan títí ó fi kú.

Ní Cleveland, olùkọ́ eré ìdárayá kan tó ń jẹ́ Charles Riley rí i pé ọmọ yìí ń sáré bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Riley fẹ́ kó máa wá ṣe ìgbáradì lẹ́yìn ilé-ìwé bí àwọn yòókù. Kò ṣeé ṣe, nítorí Owens ní iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé, láàárín èyí tí iṣẹ́ nílé atúnbàtàṣe wà, kí owó lè wọlé. Riley kò sọ pé kó lọ. Ó yí àkókò padà, ó ń jí wá ní òwúrọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ ọ. Mo fẹ́ ká rántí Riley náà.

Ilé-ìwé East Technical ni Owens ti parí girama. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwé tí ènìyàn ń kà láti wọ yunifásítì. Ní 1933, nígbà tó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, ó sáré yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.4 níbi ìdíje àwọn ilé-ìwé girama gbogbo Amẹ́ríkà ní Chicago, eré tó bá ti ẹni tó yára jù lọ láyé dọ́gba. Ó wá di ẹni tí gbogbo yunifásítì ń wá. Ohio State, ní ìlú Columbus, ló mú.

Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò wà. Owens kò gba sìkọ́láṣíìpù kankan. Iṣẹ́ ni wọ́n bá a wá, kó lè máa fi san owó ilé-ìwé: ó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ilé ìjọba ìpínlẹ̀, lálẹ́. Ó tún ń ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké mìíràn. Kò lè gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọkùnrin nínú ọgbà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ìta ni òun àti àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé. Àwọn ilé oúnjẹ tó wà nítòsí kì í ta oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ eléré bá rìnrìn àjò, ibi tí àwọn aláwọ̀ funfun sùn àti ibi tí wọ́n ti jẹun lè má jẹ́ ibi tí òun lè wọ̀. Síbẹ̀ jẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn wọ̀.

Òfin wo ló wà níbẹ̀ nígbà náà? Ohio State wà nínú ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí a ń pè ní Big Ten. Ní 1895, àwọn olórí yunifásítì méje pàdé ní Chicago, láti inú ìpàdé yẹn sì ni ẹgbẹ́ náà ti jáde. Ìdí tí wọ́n fi pàdé ni pé eré bọ́ọ̀lù ti bàjẹ́: wọ́n ń lo àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rárá, wọ́n ń sanwó fún alágbára láti wá wọ jẹ́sì. Wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ gidi nìkan, tó ń kàwé ní kíkún, tí kò sì lẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló lè ṣojú ilé-ìwé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kò gbọdọ̀ ṣojú ilé-ìwé nínú ìdíje ńlá, kó kọ́kọ́ fi ọdún kan mọ ọ̀nà ìwé. Ìdí nìyẹn tí Owens, tó wọlé ní 1933, kò fi sáré fún Ohio State nínú ìdíje àwọn àgbà títí di 1935.

Èmi kò rí ohun tó burú nínú òfin yìí. Irú rẹ̀ ni àwa náà ń lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe eré NUGA àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní 1966, eré akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí a háyà. Bí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, yunifásítì á di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lásán. Ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹ wo ohun tí òfin náà ń wò, kí ẹ sì wo ohun tí kò wò.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1935, ní Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan, Owens ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ṣì ń sọ dòní. Ó ti ṣubú ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ẹ̀yìn sì ń dùn ún débi pé wọn kò mọ̀ bóyá ó lè sáré. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó sáré yáàdì 100, ó sì bá àkọsílẹ̀ àgbáyé dọ́gba. Ó fo mítà 8.13 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jókòó. Ó sáré yáàdì 220, ó tún sáré yáàdì 220 ti àfòkọjá igi. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun. Ti fífò jìnnà yẹn, ọdún 25 ni kò fi sí ẹni tó jù ú. Ìdíje Big Ten ni, orúkọ Ohio State ló sì wà láyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ẹ. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti sáré. Ní oṣù keje, ó fẹ́ Ruth Solomon, ìyá ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí ní 1932. Ó ti di baálé ilé, ó sì tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ àti sárésáré. Ẹ bá mi ka wákàtí tó wà nínú ọjọ́ kan. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, kò tó. Ní ìgbà òtútù 1936, wọ́n ní kò lè ṣojú ilé-ìwé nínú ìdíje abẹ́ òrùlé. Ó padà sídìí ìwé, ó tún máàkì náà ṣe débi tó lè sáré nígbà tí ilẹ̀ gbóná.

Òfin náà béèrè pé èló ni máàkì rẹ. Kò béèrè pé níbo lo sùn, kí lo jẹ, aago mélòó lo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, ọjọ́ mélòó lo fi wà lórí ọkọ̀ ojú irin nítorí wa. Ẹni tó ń jẹ èrè ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wọn orí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọn òun. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Adìẹ nìkan ni wọ́n bá wí ní Columbus.

Mo lè fi ẹlòmíràn wé e, ọmọ Yorùbá. Ọmọọba Adégbóyèga Adédoyin, ọmọ Akárìgbò ti Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Queen's University ní Belfast nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní 1947, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje fífò sókè ti Britain. Ní Òlíḿpíìkì London ní 1948, ó ṣojú Britain, ó ṣe ipò karùn-ún nínú fífò jìnnà, ó sì dé ìpele àṣekágbá nínú fífò sókè. Ó di dókítà, ó sì padà sílé. Ọmọ ọba ni, ìwé ti wà lórí rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Èmi kò sọ pé kò ṣe làálàá. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá gbé òfin máàkì kan náà ka iwájú òun àti Owens, òfin náà á rí ọlọ́gbọ́n kan àti ọ̀lẹ kan. Kò ní rí ààfin, kò sì ní rí oko òwú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òkè òkun nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ. Gbogbo ìdíje ni ilé-ìwé rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ pè é, wọ́n á yọ ọ́ nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gbé ife wálé, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Nígbà tí èsì WAEC jáde, kò sí ẹni tó ya fọ́tò. Ọ̀kadà ló ń wà báyìí láàárín Aisegba àti Ìlúọmọba, ó sì ń fi ọlá bọ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ jẹ́ olùkọ́ nígbà kan.

Ní oṣù kẹjọ 1936, Owens lọ sí Berlin. Ó gba góòlù nínú mítà 100, fífò jìnnà, mítà 200 àti eré ẹlẹ́ni mẹ́rin ti mítà 100. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ AAU tó ń darí eré ìsáré ní Amẹ́ríkà ń gbé e káàkiri Yúróòpù láti sáré kí owó lè wọlé fún wọn. Ó rẹ̀ ẹ́, kò sì sí owó kankan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó kọ̀ láti lọ sí Sweden, ó wọkọ̀ padà sílé. Wọ́n fòfin dè é kúrò nínú eré. Báyìí ni ọdún tó ṣẹ́kù fún un láti sáré fún Ohio State ṣe lọ, bí eré sì ṣe lọ ni ìwé náà tẹ̀lé e.

Àwọn ìlérí owó tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn Berlin, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ní Havana, ọkùnrin tó gba góòlù mẹ́rin bá ẹṣin sáré kó lè rí owó. Ó dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀, ó wọ gbèsè, ó kéde ní 1939 pé òun kò lè san án.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló wọ̀ mí lára jù. Ní 1940, nígbà tó ti di ẹni ọdún 27, tó ti ní ìyàwó àti ọmọbìnrin mẹ́ta, ó padà sí Ohio State láti parí ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Kò sí góòlù kankan níwájú. Ó ń bá kóòṣì rẹ̀ àtijọ́, Larry Snyder, kọ́ àwọn sárésáré, ó sì ń lọ sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn tí kò tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1941, ó kúrò. Máàkì rẹ̀ kò tó. Lọ́tẹ̀ yìí, eré kọ́ ló dí i lọ́wọ́. Lójú tèmi, ihò tí oko òwú gbẹ́ sílẹ̀ ní Oakville ló ṣì wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dí láti ọdún 1933 tó ti wọlé.

Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Detroit nígbà ogun, ó sì fi ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ohio State yan ọmọ rẹ̀, Marlene, ní ọbabìnrin àjọ̀dún wọn, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní 1972, yunifásítì náà fún Owens ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdálọ́lá. Ní 1976, ààrẹ Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún ará ìlú. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1980, ní ẹni ọdún 66. Pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ohio State lónìí. Oyè tó fi ìwé gbà kò sí.

Òfin Amẹ́ríkà kò dúró síbi tó wà. Ní 1983, ẹgbẹ́ NCAA fọwọ́ sí òfin kan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, pé ẹni tí máàkì girama àti ìdánwò ìwọlé rẹ̀ kò bá dé ìwọ̀n kan kò lè ṣeré ní ọdún kìíní. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ló kàn jù. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ mú un le sí i, John Thompson, kóòṣì bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní Georgetown, dìde kúrò lórí pápá níbi eré kan ní oṣù kìíní 1989 láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ẹ̀yìn ọdún 2000 ni wọ́n tó ṣe òfin tó ń wọn ilé-ìwé fúnra rẹ̀: bí àwọn eléré ilé-ìwé kan bá ń já nínú ẹ̀kọ́ jù, ẹgbẹ́ náà ni ìyà á jẹ. Ní 2013, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn ọkùnrin Connecticut, tó gba ife ní 2011, kò lè kópa nínú ìdíje àṣekágbá nítorí èyí. Ó pẹ́ fún Owens, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí akátá.

Nítorí náà, èmi yóò dìbò fún àbá tó wà nílẹ̀, bí wọ́n bá fi ohun mẹ́ta kún un. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá pàdánù tẹ́ẹ̀sì nítorí eré wa lè tún un ṣe. Ìkejì, kí a yan akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ga kan fún eléré kọ̀ọ̀kan láti máa bá a kàwé. Mo ti mọ fonẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì débi tí mo lè gba ẹni méjì, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìkẹta, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ka èyí lọ́dọọdún ní ìpàdé gbogboogbò: nínú àwọn tó gba ife fún wa, ẹni mélòó ló jáde.

Bí a kò bá lè ṣe mẹ́ta yìí, kí a má fọwọ́ kan jẹ́sì ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìdìbò kò ní pẹ́ dé. Ẹ wá o.